Ta Ló Wà Nínú Fọ́tò Yìí? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Onífọ́tò Ìkòròdú Sọ

Ẹ̀yin àgbà onífọ́tò Ìkòròdú, ẹ̀yin ọ̀gá sítúdíò láti Sábó títí dé Ẹ̀bùté, ẹ̀yin ará Ìgbógbó, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ̀ta tí ẹ pa ìsọ̀ tì nítorí ìpàdé yìí, lọ́jọ́ Sátidé tí òde ìgbéyàwó ń pè yín lọ́tùn-ún lósì, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bàbá wa tí a torí iṣẹ́ ọwọ́ wọn péjọ nìyí níwájú. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe ìpàtẹ àwòrán fún àgbà onífọ́tò. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti ń gbọ́ tí ẹ ń jíròrò gbọ̀ngàn, férémù, iná, ẹni tí yóò ṣe alága, àti ẹni tí yóò ra ráìsì. Ẹ má bínú, mi ò wá torí ìyẹn. Gbọ̀ngàn á yọjú, a kì í sì í ṣe òde ní Ìkòròdú kí ráìsì má sí. Ohun tí mo wá sọ ni pé bí ẹ bá gbé ọgọ́rùn-ún fọ́tò kọ́ sára ògiri, tí ẹ kọ orúkọ Bàbá gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà, tí kò wá sí orúkọ àwọn tó jókòó sínú fọ́tò, ìdajì iṣẹ́ Bàbá lẹ gbé jáde. Ìdajì yòókù á ṣì wà nínú orí wọn. Gbogbo wa la sì mọ ọjọ́ orí wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní iṣẹ́ Bàbá la fẹ́ kí ayé rí, bí wọ́n ṣe ń lo ìmọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to èèyàn, pé èwo ni ti ìyá oníṣu tó wá yàwòrán Iléyá. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti gbé àwọn ẹlòmíràn dé ná.

Seydou Keïta ṣí sítúdíò ní Bamako, olú ìlú Mali, ní 1948. Inú ọgbà ilé ló ti ń yàwòrán, oòrùn sì ni iná rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sábà máa ń tẹ kámẹ́rà fún oníbàárà, torí fíìmù wọ́n. Nítorí náà, á to onítọ̀hún dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́: yí orí síbí díẹ̀, gbé ìka rẹ sílẹ̀ báyìí, jẹ́ kí wúrà ọrùn rẹ hàn. Ó ní aago ọwọ́, rédíò, kóòtù àti táì, ó ní alùpùpù Vespa pàápàá, tí oníbàárà lè yá fi yàwòrán. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ta ni nínú yín tí kò ní kóòtù kan lára ìṣó nínú sítúdíò? Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn oníbàárà. Tó bá tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta, á pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó darúgbó, bátànì ara aṣọ yẹn ló fi ń mọ ìgbà tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa lò ó tó bá yá.

Ní 1991, wọ́n gbé díẹ̀ lára àwọn fọ́tò rẹ̀ síbi ìpàtẹ kan ní New York, wọ́n sì kọ ọ́ sídìí rẹ̀ pé a kò mọ ẹni tó yà á. Keïta sì wà láàyè ní Bamako o! Ará Faransé kan ló wá a débẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1994, ilé iṣẹ́ ọnà Fondation Cartier ní Paris ti ṣe ìpàtẹ fún òun nìkan, láti ìgbà yẹn sì ni òkìkí rẹ̀ ti kàn.

Àmọ́ ẹ sún mọ́ ògiri. Ẹ wo obìnrin tó fara ti rédíò yẹn, tó tẹjú mọ́ yín bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ni wọ́n kọ sídìí rẹ̀? “Aláìlákọlé”, àti ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n la òkun já láti wá orúkọ ayàwòrán, ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin náà kò bá a dé ara ògiri.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí àwa onífọ́tò gbọ́dọ̀ kíyè sí. Fọ́tò tí Keïta ń tà fún oníbàárà sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 18 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tí èèyàn lè mú dání, kó fi sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìpàtẹ, wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí àwọn kan fi ga ju ọmọ ilé ìwé lọ. Mi ò sọ pé ìyẹn burú, ó wù mí láti wò pàápàá. Ṣùgbọ́n ní pálọ̀, fọ́tò kì í dá sọ̀rọ̀. Ìyá ilé ló ń bá a sọ ọ́: “Bàbá yín àgbà rèé, ọdún tí wọ́n ra ilẹ̀ Agric. Ẹ̀gbọ́n wọn ló dúró lẹ́yìn yẹn, ẹni tó ni fìlà gan-an nìyẹn.” Bí ẹ bá gbé fọ́tò kúrò ní pálọ̀ tí ẹ kò gbé ọ̀rọ̀ ìyá ilé dání, ẹ ti fi ahọ́n fọ́tò sílẹ̀ nílé.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ìtòsí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Mile 12 lọ sí Èkó, ẹ ń kọjá Kétu lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni J.D. ’Okhai Ojeikere ṣí sítúdíò tirẹ̀ sí ní 1975. Ọmọ Emai ni, ní Ìpínlẹ̀ Edo òde òní. Wọ́n bí i ní 1930, ó sì papò dà ní 2014. Kámẹ́rà Brownie ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ó ṣiṣẹ́ nínú dáàkùrúùmù ìjọba ní Ìbàdàn, ìyẹn yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ó yàwòrán fún tẹlifíṣọ̀n WNTV, ó sì bá ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, lójú pópó, ní ọ́fíìsì, lóde àríyá, títí iye rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n gbé e dé Paris ní 2000, wọ́n gbé e dé Venice ní 2013.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn, Onílé Gogoro. Ẹ̀yìn orí lẹ máa rí, àti ọrùn. Òwú dúdú ni wọ́n fi wé irun yẹn títí ó fi le, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́, wọ́n so orí rẹ̀ pọ̀, ó dá dúró lókè. Kò sí ojú, kò sí ẹ̀rín, kò sí nǹkan kan lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ tó lè gba ojú yín. Ojeikere mọ̀ pé irun dídì kì í pẹ́ lórí, bí wọ́n bá tú u, tí wọ́n tún un dì, kò ní í rí bákan náà mọ́. Nítorí náà ó kọ orúkọ irun sílẹ̀: Ṣùkú, Kòròbà, Abẹ̀bẹ̀, Onílé Gogoro. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ irun tí ìyá rẹ̀ àgbà dì lọ sí òde nígbà náà lè lọ wò ó níbẹ̀ lónìí.

Èrò tèmi lórí rẹ̀ rèé, ẹ lè bá mi jiyàn. Obìnrin tó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà ti fi ojú rẹ̀ pamọ́. Irun ló yá Ojeikere, Ojeikere sì fún irun lórúkọ, nítorí náà kò jẹ obìnrin yẹn ní gbèsè. Ẹni tí mo rò pé wọ́n jẹ ní gbèsè ni onídìrí. Òun ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ orí fún wákàtí mélòó kan, ìka rẹ̀ ló gbé gbogbo nǹkan tí a ń yìn dúró, síbẹ̀ kò sí orúkọ rẹ̀ nídìí fọ́tò. Níbí yìí, àwọn ọmọ òde òní gbọ́n jù wá lọ. Bí wọ́n bá gbé fọ́tò ìyàwó sórí Instagram, wọ́n á dárúkọ onígèlè, onímékọ́ọ̀pù, aránṣọ, títí dórí ẹni tó ta bàtà. À ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀nà tó tọ́ ni wọ́n tọ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe wà ní ìlú Benin. S.O. Alonge ni, 1911 sí 1994. Òun ni ayàwòrán ààfin Ọba Benin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣí sítúdíò tirẹ̀ fún ará ìlú ní 1942. Ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington ló tọ́jú nẹ́gétíìfù rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò jáde, wọ́n ṣe ìpàtẹ rẹ̀ níbẹ̀ ní 2014, wọ́n sì gbé ìpàtẹ náà wá sí ilé mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Benin ní 2017. Bí ẹ bá wo àwọn fọ́tò sítúdíò rẹ̀, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó jókòó nídìí púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú ọdún. Tìyàwó tọkọ, ọmọ ilé ìwé, olóyè. Ará Benin lè dúró níwájú ògiri kó ní “ẹ̀gbọ́n màmá mi nìyí”. Irú ìpàtẹ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yára mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìjókòó. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá wá síbi ìpàtẹ yìí á máa bèèrè ìdí tí àwọn àgbà inú fọ́tò fi le ojú. Ẹ sọ fún wọn pé inú kò bí ẹnikẹ́ni. Àgbà tó bá wá yàwòrán nígbà yẹn á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, á tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, á jẹ́ kí agbádá tàn kálẹ̀. Ipò rẹ̀ ló ń fi hàn. Bí onífọ́tò bá ní kó rẹ́rìn-ín, ó lè dìde lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ gan-an rèé, ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Fọ́tò ìbejì. Ọmọ méjì jókòó ti ara wọn, aṣọ kan náà, bàtà kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Àlejò á wò ó, á ní àwọn ìbejì yìí mà jọra o. Wọ́n á jọra dandan! Ọmọ kan ṣoṣo ló wọ sítúdíò lọ́jọ́ náà. Èkejì ti padà síbi tó ti wá. Ìyá wọn sì fẹ́ fọ́tò àwọn méjèèjì, torí a kì í fi ti ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe ti ìbejì. Onífọ́tò á gbé ọmọ tó kù sí apá ọ̀tún, á yà á. Á gbé e sí apá òsì, á tún un yà. Bó bá dé dáàkùrúùmù, á fi káàdì dúdú bo ìdajì pépà, á tan ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì tó ṣí. Á wá bo èyí tó ti gba ìmọ́lẹ̀, á ṣí ìkejì. Bó bá rì í sínú dẹfẹlópà, omi oògùn tó ń mú àwòrán yọ, lábẹ́ iná pupa, àwọn méjèèjì á jọ jáde. Bó bá jẹ́ pé Táíwò ọkùnrin ló lọ tí Kẹ́hìndé obìnrin ló kù, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wọ ti ọkùnrin fún un lẹ́ẹ̀kejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún láàárín ọdún 1970 sí 1980, kọ nípa iṣẹ́ yìí. Nínú ilé àwọn kan, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló dúró fún ère ìbejì, torí pé onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí tí kò fẹ́ gbé ère sílé lè gbé fọ́tò kọ́ láìsí ẹni tó máa bá a wí.

Ẹ gbé fọ́tò yẹn kọ́ síbi ìpàtẹ láìkọ nǹkan kan sídìí rẹ̀. Ọmọ méjì ni gbogbo ayé á rí. Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá nìkan lẹ fẹ́ fi hàn, iṣẹ́ ọwọ́ tó ga jù lọ nínú ìpàtẹ yín ti kọjá lójú gbogbo èèyàn nìyẹn. Bí ìlà àárín bá hàn, èèyàn lè fura. Ti Bàbá kò hàn, wọ́n mọṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ojú tó lè rí i, àfi kí ẹnìkan sọ ọ́. Ta ló sì lè sọ ọ́? Bàbá, àti ẹbí ọmọ yẹn, àti ọmọ náà fúnra rẹ̀ bó bá ṣì wà láyé. Ó lè jẹ́ pé òun ló ń ta ike ní ọjà Sábó.

Kí ìpàdé yìí tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá fa nẹ́gétíìfù kan yọ hàn mí. Etí rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ìka mú, wọ́n dà á kọ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n ní kí n wo abẹ́ ojú. Mo rí i: ojú pẹ́ńsùlù, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé béèyàn bá gbé nẹ́gétíìfù náà dúró gangan kò ní í rí nǹkan kan. Ibi tí wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù pa ìwúnjọ rẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní, “Ìyá yìí, ẹja ni wọ́n ń tà ní Ẹ̀bùté. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú àárẹ̀ kúrò lójú, àmọ́ n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilà o. Ọmọ wọn wà ní London, wọ́n ní kó má baà ní ìyá ẹlòmíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun.” Mo tún wò ó. Pẹ́ńsùlù dé etí ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yà fún un, ó gba òdìkejì kọjá. Mo bi Bàbá ní orúkọ ìyá náà. Wọ́n dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi agboolé rẹ̀ kún un. Mi ò ní dárúkọ wọn níbí, torí a kò tíì rí àwọn ọmọ wọn bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ra férémù kankan nìyí. Ẹ jókòó ti Bàbá. Ẹ má kó gbogbo àpótí wá lọ́jọ́ kan, wọn kì í ṣe ọmọdé. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ tẹ nẹ́gétíìfù lé orí tábílẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ funfun, ẹ yà á, ẹ yí i padà sí fọ́tò, ẹ fẹ̀ ẹ́ kí ojú Bàbá lè rí i. Bí wọ́n bá gbàgbé ọdún, ẹ wo aṣọ ẹ̀yìn, bí Keïta ti ń ṣe. Ẹ tún wo àga, ẹ wo ilẹ̀. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ dé, tí ọ̀pọ̀ yín ti dáàkùrúùmù pa, ẹ pààrọ̀ aṣọ ẹ̀yìn náà. Àgbà tó bá mọ ìgbà tí sítúdíò kó ibi dé ibi lè bá yín ṣírò rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò o, ẹ má fi báírò, ó máa ń yọ sí iwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwọn fọ́tò náà jáde lọ bá àwọn tó lè dá wọn mọ̀. Ẹ lọ sí Ẹ̀bùté bá àwọn ẹlẹ́ja, ẹ dúró sí iwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀, ẹ bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀. Ìjà á wà. Ìdílé méjì á ní bàbá kan náà ni tàwọn. Ẹ kọ ti àwọn méjèèjì sílẹ̀, ẹ má ṣe adájọ́. Ẹlòmíràn á rí fọ́tò ìgbéyàwó tó ti tú ká, á ní kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n yà á fún ilé rẹ̀, wọn kò gba owó kí wọ́n fi hàn gómìnà. Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ ìdí fọ́tò, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Mo ti lọ síbi ìpàtẹ tí ìyá ẹni tó wà nínú fọ́tò kò lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọ rẹ̀.

Ẹnìkan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé kí la fẹ́ ṣe sí fọ́tò tí Bàbá kò dá mọ̀, tí ọjà kò dá mọ̀. Ẹ gbé e kọ́, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ nídìí rẹ̀, kẹ́ ẹ so pẹ́ńsùlù mọ́ ìṣó. Ìpàtẹ náà fúnra rẹ̀ á ṣe ìyókù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ìyẹn sì ni ti àpótí. Fíìmù ayé ọjọ́un máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, ọ̀sà tó yí wa ká níbí kò sì ràn wá lọ́wọ́. Bó bá ti ń bàjẹ́, á máa rùn bí fínígà. Òórùn yẹn kì í ṣe ti ìdọ̀tí, ásíìdì ló ń jáde lára fíìmù, èyí tó bá sì ń rùn á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹ má fi ọ̀rá wé e, pépà ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó jìnnà sí ilẹ̀ nítorí ikán. Ẹ̀rọ amúlétutù ló dára jù, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ṣe wà ní Ẹgbin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó yìí, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní Ìkòròdú. Mo ti yẹ àwọn àpótí Bàbá wò. Púpọ̀ nínú wọn ṣì dára. Páànù bísíkíìtì tó wà lábẹ́ bẹ́ńṣì, lápá ibi tí òjò ti ń jò, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè.